Ẹ Bá Mi Tún Un Ṣe Lẹ́ẹ̀kan Sí I

Wọ́n ní àlùbọ́sà ni. Ohun tí gbogbo Vranyak, abúlé wa, ń sọ lábẹ́lẹ̀ nìyẹn: omijé tó ń ṣàn lójú Rangel nínú fíìmù Nevyana, èyí tí gbogbo Bulgaria ń jókòó wò lọ́dọọdún ní Ọjọ́ Àìkú Ìdáríjì, wọ́n ní kì í ṣe omijé Ọlọ́run. Wọ́n ní Nevyana la àlùbọ́sà sí méjì, ó fi ààbọ̀ kan ra ojú Rangel, ó sì fi ààbọ̀ kejì jẹun. Èmi náà gbà á gbọ́ díẹ̀. Ṣebí mo fojú ara mi rí àlùbọ́sà náà nínú fíìmù ọ̀hún, lórí tábìlì Stamen, láàrin búrẹ́dì àti ìgò ọtí rakiya. Ó pẹ́ kí n tó bi ara mi pé tábìlì ta ni kò sí àlùbọ́sà lórí rẹ̀ ní Vranyak. Bí àlùbọ́sà bá jẹ́ ẹ̀rí ẹ̀tàn, gbogbo wa la máa ṣẹ̀wọ̀n, àlùfáà wa ni yóò sì ṣáájú.

Ìbá kúkú sàn ká ní àlùbọ́sà ni. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ burú ju àlùbọ́sà lọ. Nevyana mọ̀ ọ́n, ó sì gbé e kiri láti ọdún náà bí ẹni tó ju ẹyin gbígbóná sẹ́nu láàrin àlejò, tí kò lè gbé e mì, tí kò sì lè tu ú.

Ọmọ abúlé wa ni. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ wa níwèé nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà ní Vranyak, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pè é ní Ọmọ Tíṣà títí dòní, bí irun rẹ̀ ṣe funfun tó yẹn. Ó lọ sí ìlú Plovdiv, ó wọ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan. Ó ká wáyà fún àwọn ọkùnrin, ó bá wọn gbé iná, ó se kọfí fún wọn, títí àwọn ọkùnrin náà fi rí i pé obìnrin tó ń ká wáyà yìí lójú ju àwọn lọ. Bó ṣe di olùdarí nìyẹn. Kì í ṣe ti fíìmù eré o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni Nevyana máa ń yà: darandaran kan ṣoṣo tó kù lórí òkè, obìnrin tó ń fún àwọn oyin rẹ̀ lórúkọ, àlùfáà tó ń wàásù fún ìyàwó rẹ̀ nìkan nítorí gbogbo ìjọ ti kó lọ sí ìlú òyìnbó.

Nígbà tí nǹkan ò rọgbọ mọ́ nílé iṣẹ́ náà, wọ́n fi iṣẹ́ kejì lé e lórí. Wọ́n ní kó máa ṣe olùgbéjáde pẹ̀lú. Ìyẹn ni pé òun náà ni yóò máa wá ọ̀nà tí fíìmù máa fi jáde: òun ni yóò tọrọ epo ọkọ̀, òun ni yóò bẹ onílé ìtura kó fún wọn ní yàrá. Olùdarí fẹ́ kí ọ̀run sọ̀kalẹ̀ wá síwájú kámẹ́rà, olùgbéjáde ń béèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀run. Àwọn méjèèjì wá ń gbé nínú awọ obìnrin kan ṣoṣo, bíi tọkọtaya tí ìfẹ́ wọn ti tán ṣùgbọ́n tí wọn ò rí ilé míì kó lọ.

Nevyana ní àmì kan tí kì í tàn án. Bí ohun tó dára bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ níwájú kámẹ́rà, irun ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ á dìde. Zapryan tó ń bá a gbé kámẹ́rà láti ìgbà èwe mọ̀ ọ́n. Ọrùn ọ̀gá rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wò kó tó wo ohun tí wọ́n wá yà.

"Ọ̀gá, ṣé ó ti dìde?"

"Ó ti dìde. Tẹ̀ ẹ́."

Wọn ò pàdánù rí pẹ̀lú ọrùn yẹn.

Ó wá ku Stamen àti Rangel. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ògiri kan ló la ilé wọn láàrin. Bàbá wọn gbin igi àsálà kan sí ààlà kó tó kú, ó ní kí ẹ̀gbọ́n máa ṣa ti ọ̀hún, kí àbúrò máa ṣa ti ibí. Lọ́dún tí wọ́n gbé Stamen lọ sí ọsíbítù nítorí kíndìnrín rẹ̀, Rangel gé igi náà lulẹ̀. Ó ní ẹ̀ka rẹ̀ fẹ́ wó òrùlé òun. Stamen ti ọsíbítù dé, kùkùté ló bá. Kò bú u, kò lù ú, kò pè é lẹ́jọ́. Ó kàn pa ẹnu rẹ̀ dé ni, ó sì tì í bí ẹni ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà lọ, ajá Stamen ni wọ́n ń rán sí ara wọn. Sharo ni ajá náà ń jẹ́. Stamen á dúró nídìí ògiri, á fi ohùn sókè:

"Sharo! Bá mi sọ fún ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa pé ewúrẹ́ rẹ̀ ti jẹ kábéèjì mi o!"

Rangel á dáhùn láti òdì kejì: "Sharo, ọmọ dáadáa, bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kábéèjì tó bá yọrí kọjá ògiri, ewúrẹ́ ò lè mọ̀ pé ó lólúwa."

Gbogbo wa gbọ́ ọ. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Èyí tí mo máa ń gbọ́ ní tèmi ni pé Rangel kò fìgbà kankan pè é ní orúkọ mìíràn ju "ẹ̀gbọ́n mi" lọ, àní lẹ́nu ajá. Nígbà tí Sharo kú, Stamen ra ajá mìíràn, ó sì sọ òun náà ní Sharo kí iṣẹ́ má bàa dúró.

Lọ́dún kan, Nevyana wá sí Vranyak ní Ọjọ́ Àìkú Ìdáríjì, ìyẹn èyí tó gbẹ̀yìn ṣáájú ààwẹ̀ ńlá. Halva, ìpanu dídùn tí a máa ń so mọ́ okùn láti àjà, ló wá yà, bí àwọn ọmọdé ṣe ń ká ọwọ́ sẹ́yìn tí wọ́n ń fi ẹnu lé e káàkiri. Ilé Stamen ló lọ, torí ìkọ́ tó wà ní àjà rẹ̀ ló le jù, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ti dé láti ìlú. Kò mú ẹni tó ń bójú tó ohùn dání. Olùgbéjáde inú rẹ̀ ló sọ pé kí wọ́n fi ọkùnrin náà sílẹ̀ ní Plovdiv, pé kí ni halva fẹ́ sọ tí a ó fi san owó iṣẹ́ fún ẹni tó máa gbọ́ ọ. Nevyana fúnra rẹ̀ so makirofóònù kékeré mọ́ ọrùn ẹ̀wù Stamen. Bátìrì rẹ̀ ti gbó. Olùgbéjáde ní yóò tó.

Oòrùn ń wọ̀, wọ́n ti ń to igi iná ọdún náà jọ sórí òkè, nígbà tí ẹnu ọ̀nà ṣí tí Rangel wọlé.

Kò ka kámẹ́rà sí. Ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀, ó di ọsàn kan sínú aṣọ ìnujú funfun. Ó gbé ọsàn náà sórí tábìlì, ó tẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì fẹnu kò ó. Gbogbo wa mọ ohun tí à ń sọ. Ẹni tó kéré á ní, "Ẹ dáríjì mí." Ẹni tó dàgbà á ní, "Ọlọ́run ló ń dáríjì ni. Mo ti dáríjì ọ́." Ó parí. A kì í ka ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ bí ọjà, a kì í sì í tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí ẹni tó bá tún un tọrọ ń sọ pé èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fún òun kì í ṣe ojúlówó. Ṣùgbọ́n ohun tí Rangel sọ lọ́jọ́ náà ju ìyẹn lọ díẹ̀, nísàlẹ̀ ọ̀fun ló sì ti sọ ọ́. Stamen náà dáhùn nísàlẹ̀ ọ̀fun. Ó gbé ọwọ́ lé orí àbúrò rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ń lọ tó ń bọ̀ níwájú orí ọkùnrin náà, bí a ti ń wo ọmọ bóyá ara rẹ̀ gbóná.

Irun ọrùn Nevyana ti dìde ṣánṣán. Ìgbà yẹn ló wo ẹ̀rọ, ó sì rí i pé iná kékeré tó yẹ kó máa tàn kò tàn. Bátìrì ti kú. Ohùn kankan ò wọlé.

Ọlọ́run tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ yẹn kò lo bátìrì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ a máa yára ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ, gbólóhùn tí Nevyana sì ti sọ fún àgbẹ̀, fún darandaran, fún àlùfáà àti fún ìyàwó tuntun ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ohùn ò wọlé. Ẹ bá mi tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i."

Rangel yíjú sí i. "Kí n tún kí ni ṣe?"

"Èyí tí ẹ ṣe yẹn, Bàbá Rangel. Ẹ kàn jáde, kí ẹ tún wọlé."

Rangel wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti sọ ọ́. Ẹ gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́," ni Stamen wí. Inú rẹ̀ ń dùn lọ́jọ́ náà, ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹni tí ẹrù ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lórí rẹ̀ kì í mọ ohun tó ń gbé kọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn. "Ọmọ Tíṣà ló ń bẹ̀ wá, àlejò kọ́. Kí ló máa ná ọ? Bó bá ti inú wá lẹ́ẹ̀kíní, ṣé inú ti gbẹ ni?"

Zapryan gbé kámẹ́rà kúrò léjìká. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká lò ó bẹ́ẹ̀. A ó fi orin sí i."

"Orin kẹ̀! Ṣé ìsìnkú ni? Gbé kámẹ́rà."

Ó pààrọ̀ bátìrì. Kí Rangel lè wọlé ní tuntun, ó di dandan kó gba ọsàn tó ti fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà lórí tábìlì. Nevyana rí ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe gbà á, bí ọwọ́ ẹni tó ń jí nǹkan. Ó rí i, ó sì ní kí Zapryan tẹ kámẹ́rà.

Rangel wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ó sọ tirẹ̀ ṣókí, ó sì sọ ọ́ ketekete bí ọmọ ilé ìwé. Ti Stamen ló gùn. Ó ti rántí makirofóònù tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti rántí gbogbo Bulgaria. Ó na àyà, ó ní:

"Rangel, àbúrò mi, mo dáríjì ọ́! Mo dáríjì ọ́ pé o gé igi bàbá wa lulẹ̀ bí olè, nígbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsíbítù tí mò ń bá ikú jìjàkadì!"

Omijé bọ́ lójú Rangel, ó ṣubú mọ́ ọn léjìká, ó fi ojú pamọ́ síbẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Àwọn tó wà nílùú ní omijé ayọ̀ ni. Àwa ní àlùbọ́sà ni. Nevyana, tó dúró ní ìwọ̀n apá kan sí i, mọ̀ pé ìtìjú ni. Ó yẹ kó ní kí Zapryan pa á. Ṣùgbọ́n irun ọrùn rẹ̀ ti tún dìde, ó sì dúró ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, eérú iná orí òkè ò tíì tutù, Stamen jáde sí àgbàlá, ó bá ògiri sọ̀rọ̀ láìlo ajá. "Rangel! Ṣé o sùn dáadáa?"

"Sharo," ni ohùn kan wí láti òdì kejì, "bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé olè kì í kí ènìyàn, àfi bí àwọn tẹlifíṣọ̀n bá tún dé."

Báyìí ni wọ́n ṣe padà sí i, ó sì wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Stamen ní nítorí kámẹ́rà ni àbúrò òun ṣe wá. Rangel ní nítorí kámẹ́rà ni ẹ̀gbọ́n òun ṣe dáríjì òun. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n.

Kí wọ́n tó fi fíìmù náà hàn, Rangel wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Plovdiv. Ó jókòó sí ọ́fíìsì Nevyana, ó gbé fìlà lé orúnkún. "Ọmọ Tíṣà," ló wí, "ọ̀rọ̀ kan péré ni mo bá wá. Bá mi yọ 'olè' kúrò níbẹ̀." Nevyana fún un ní kọfí. Ó ní fíìmù náà ti kúrò lọ́wọ́ òun, ó ti lọ síbi ìdíje. Irọ́ ni. Ó ṣì wà ní yàrá kejì lọ́jọ́ náà, níbi tí wọ́n ti ń gé fíìmù tí wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ògiri kan péré ló wà láàrin rẹ̀ àti ọkùnrin tó ń mu kọfí náà. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ "olè", gbogbo ọ̀rọ̀ náà á já, kò ní lẹ̀. Rangel dúpẹ́ kọfí. Ó tún dúpẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Fíìmù náà gba àmì ẹ̀yẹ. Wọ́n ní àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ti Nevyana kò dúró de ẹ̀yìn, ọdọọdún ló ń bọ̀, pẹ̀lú orin àti orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lójú ẹ̀rọ.

Ìgbà òtútù ọdún yìí, àìsàn àyà dá Rangel dùbúlẹ̀. Àwa obìnrin ń pín ọjọ́ láti gbé ọbẹ̀ lọ fún un. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́bàá ògiri, tó bá sì wúkọ́, Stamen á gbọ́ ọ ní ilé tirẹ̀. Nevyana wá sí sàréè ìyá rẹ̀ lẹ́yìn Kérésìmesì, ó sì yà kí i.

"Ọmọ Tíṣà," ni Rangel wí, "ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, ti àkọ́kọ́, ṣé o gbọ́ ọ?"

"N kò gbọ́ ọ, Bàbá Rangel."

"Èmi náà ò rántí ẹ̀ mọ́. Ti kejì ni wọ́n ń tún sọ fún mi lọ́dọọdún. Ó ti lé ti àkọ́kọ́ jáde lórí mi." Ó wúkọ́ títí. "Mo mọ̀ pé ó dára ṣá."

Nevyana lọ sọ́dọ̀ Stamen. Ìyẹn ò jẹ́ kó jókòó. "Kámẹ́rà ló wá bẹ̀, kò bẹ̀ mí. Bó bá kú, ẹ rán kámẹ́rà kó lọ sin ín!" Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́, ó yí etí sí ògiri, ó ń retí ikọ́ tó máa tẹ̀ lé e.

Nevyana padà sí Plovdiv, ó tú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ títí ó fi kan fọ́nrán ti àkọ́kọ́, èyí tí kò sọ̀rọ̀. Zapryan bá a dà á sórí àwo fídíò. Wọ́n jọ wò ó. Àtàǹpàkò Stamen ń lọ, ó ń bọ̀, níwájú orí àbúrò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wo kámẹ́rà. Zapryan nu imú, ó ní òtútù ló mú òun.

Ọ̀sẹ̀ Ìdáríjì ni Nevyana gbé àwo náà lọ bá ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọn. Avgustin ni orúkọ rẹ̀, ọmọ tó lè bí ni. Ó ti ṣètò pé ní Ọjọ́ Àìkú náà, wọn yóò gbé fíìmù ọ̀hún jáde, wọn yóò sì fún Nevyana ní ẹ̀bùn ìdúpẹ́ lójú gbogbo ayé.

"Ẹ̀gbọ́n Nevyana, ẹ jókòó. Irú aṣọ wo lẹ máa wọ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fi fíìmù yẹn hàn mọ́."

"Ha! Èyí tí ìyá mi ń sunkún sí lọ́dọọdún?"

"Ìtìjú ọkùnrin kan ni ìyá rẹ ń sunkún sí. Èyí ni kó o fi hàn." Ó ti àwo náà bọ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

Avgustin wò ó díẹ̀. "Kò lóhùn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn ènìyàn á rò pé tẹlifíṣọ̀n àwọn ló bàjẹ́. Wọ́n á máa gbá a lórí."

"Jẹ́ kí wọ́n gbá a."

"Ẹ wá fẹ́ sọ fún wọn pé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ya èyí tí gbogbo wa mọ̀?"

"Òun gan-an ni mo fẹ́ sọ."

"Wọ́n á gba àmì ẹ̀yẹ wa!"

"Tèmi ni. N óò fi ọwọ́ ara mi gbé e lọ fún wọn. Avgustin, ọ̀kan nínú wọn ń kú lọ. Kò rántí bí wọ́n ṣe dáríjì òun mọ́. Èkejì ò gbà pé wọ́n bẹ òun. Àwo yìí ni..."

"Ẹ dúró ná." Avgustin ti gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Ó ń kú lọ? Lẹ́bàá ògiri yẹn? Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ! Ẹ gbọ́. Kámẹ́rà méjì. Ọ̀kan lọ́dọ̀ Stamen, ọ̀kan lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. A ò ní sọ fún wọn ṣáájú. A ó fi àwo yìí hàn wọ́n, àwa náà á máa ya ojú wọn. Stamen á rí i, á dìde, á gba ẹnu ọ̀nà àbúrò rẹ̀ wọlé lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí... Ẹ̀yin lẹ máa darí ẹ̀! Bátìrì tuntun, ẹni tó mọ̀ nípa ohùn, gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́!"

Irun ọrùn Nevyana dìde.

Ohun tó bà á lẹ́rù nìyẹn. Kò bínú. Ká ní ó bínú, ì bá jókòó kó jà á dópin. Ṣùgbọ́n ó ti rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa gbà wọ yàrá Rangel láti ojú fèrèsé. Ó ti mọ̀ pé ikọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ gbọ́, ká tó rí ojú. Ó ti rí Stamen lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti mọ̀ pé bí Stamen bá yára wọlé jù, tàbí bí ilẹ̀kùn bá bo ojú rẹ̀, gbólóhùn kan wà tí ẹnu òun máa sọ kí ọkàn òun tó dé ibẹ̀.

Ó dìde, ó yọ àwo náà nínú ẹ̀rọ, ó tì í bọ inú àpò ẹ̀wù òtútù rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì parí! Ẹ jẹ́ ká jọ..."

"Bá mi kí ìyá rẹ."

Zapryan wà lójú ọ̀nà àárín ilé pẹ̀lú kámẹ́rà léjìká. Ọrùn ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò.

"Ọ̀gá, ṣé ó ti dìde?"

"Ó ti dìde. Gbé e sílẹ̀."

Ó kọjá lára rẹ̀, ó mú àtẹ̀gùn lọ sísàlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan àpò wò bóyá àwo náà ṣì wà níbẹ̀. Avgustin ti jáde sí orí àtẹ̀gùn, ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé e bọ̀: "Ó dáa, kámẹ́rà kan! Ẹ̀gbọ́n, kámẹ́rà kan ṣoṣo, kékeré, wọn ò tiẹ̀ ní í mọ̀..." Nevyana ti ilẹ̀kùn ìta, ó sì gba ọ̀nà ibùdó bọ́ọ̀sì Vranyak lọ.